Best, wọ́n ti ri òpó símẹ́ńtì mọ́ pápá wa

Best, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọ́mí, mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Ṣìkágò kò tíì máa han yín léèmọ̀? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi obìnrin ti wọ póli, ìyá oníànàmọ́ tó ń ta lẹ́nu ọ̀nà sitéṣọ̀n ti kú, a ti sin wọ́n, ata rodo sì ti kúrò ní ohun tí tálákà ń béèrè iye rẹ̀.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Mo wò ó títí. Ọmọ rẹ di igi rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí i, rélùwéè sì ń kọjá lẹ́yìn wáyà. Mo pe ìyàwó mi pé kó wá wo ọmọ Best. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ló dé tí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn fi wọ ìbọ̀wọ́ ńlá sí ọwọ́ kan ṣoṣo. Mo ní bésíbọ́ọ̀lù ni, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, ó sì le bí òkúta. O sọ fún mi nígbà kan nípa pápá ńlá tí wọ́n ń pè ní Wrigley Field, pé láti 1914 ló ti wà níbẹ̀, àti pé téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Addison, kò ní rìn jìnnà kó tó dé ẹnu géètì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ọdún 1908 ni irin rélùwéè dé Ọ̀fà, àwa náà gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tiwa! Àmọ́ wọ́n tọ́jú tiwọn.

Best, wọ́n ti ri òpó símẹ́ńtì mọ́ pápá wa.

Mo ń ti ọjà Ọ̀wọ́dé bọ̀, mo ní kí n gba ọ̀nà sitéṣọ̀n, ni mo rí wọn. Òpó kéékèèké tí àwọn awọnlẹ̀ máa ń rì ni, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí wọn lórí. Ọ̀kan wà níbi kọ́nà tó kọjú sí igi dóńgóyárò. Òmíràn wà gan-an níbi tí o máa ń dúró sí, láàárín òkúta méjèèjì tí a fi ṣe ilé bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń gbá a yí òpó náà ká, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé e kọ́ orí rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní àwọn bàbá kan ló wá pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀, pé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ọmọ tó dá mi lóhùn ń wo ibòmíràn bó ti ń sọ ọ́. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ.

Ní ìlú, wọ́n ti ń dárúkọ èèyàn. Ohun tí mo gbọ́ ní ilé onígbàjámọ̀, mi ò tíì lè kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ sọ nǹkan mìíràn ná.

Ṣé o rántí ọjọ́ kejì tí a gba ife Áfíríkà? Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta, 1980 la gbà á, tí a na Àlùjíríà 3 sí òdo ní Súrùlérè, tí Odegbami jẹ méjì, tí Muda Lawal jẹ ẹ̀kẹta. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí pápá fi kún. Gbogbo wa la fẹ́ jẹ́ Odegbami. Ìjà bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ìlú tí ìjàkadì ti jẹ́ orò, ta ni ìbá gbà fún ẹnì kejì? Ìwọ lo kàn rìn lọ sáàárín òkúta méjèèjì, o ní ìwọ ni Best Ogedegbe, aṣọ́lé Nàìjíríà, kí ẹni tó bá láyà wá gbá a. Láti ọjọ́ náà, ìyá tó bí ọ gan-an kò pe orúkọ rẹ mọ́. Wọ́n wá dìbò fún mi, mo bọ́ sí Muda. Àwọn tó kù ni a fi tipátipá sọ di Àlùjíríà, wọ́n sì lù wá lálùbolẹ̀. Ayò mélòó ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an? Ìwọ ló yẹ kó mọ̀.

Bí mo bá dijú báyìí, apá sígínà rélùwéè yẹn ni mo máa ń rí. Bó bá ti wálẹ̀, kò sẹ́ni tó ní ká dúró, a ó ti dúró. A mọ̀ pé ọkọ̀ ti kúrò ní Òkukù. Bàbá Sígínà á jáde pẹ̀lú òrùka ńlá lọ́wọ́, èyí tó jẹ́ àṣẹ fún ọkọ̀ láti máa lọ, bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ ẹrù tí kì í dúró, awakọ̀ á na apá jáde, á sì gba òrùka náà lórí eré. A kì í mí títí á fi gbà á. Lẹ́yìn náà la ó sáré lọ wo ìṣó tí a tẹ́ sórí irin. Á ti di pẹlẹbẹ, á máa dán, á gbóná débi pé a ó máa jù ú láti ọwọ́ ọ̀tún sí tòsì. Ẹ̀bá òkúta la ti ń pọ́n ọn di ọ̀bẹ, òun la fi ń bó ọsàn. Tèmi ṣì wà nínú àpótí Màmá, ìpẹta ti bò ó.

Ọkọ̀ Kánò ni ọkọ̀ ọba. Àwọn oníàkàrà àti oníànàmọ́ á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, àwa náà á gba ẹ̀gbẹ́ kejì, èrò á sì yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á máa wo bọ́ọ̀lù wa bí ẹni pé àwọn sanwó wọlé. O rántí sójà tó sọ owó sí ọ nítorí pẹ́ná tí o mú? Àkàrà owó yẹn ni àkàrà tó dùn jù tí mo tíì jẹ láyé. Àti ọ̀gá ará Íńdíà yẹn ńkọ́, nígbà tí ìjọba gbé àkóso rélùwéè fún wọn, láti 1979 sí 1982? Ó gbé pákó wá, ó ní ká fi máa gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan. A sá fún un. Ìwọ lo sáré jù. Wàyí o, wo ọmọ rẹ pẹ̀lú igi lọ́wọ́!

Ohun tí àwọn tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ń sọ ni pé rélùwéè ti kú, kí ni a ń fi ilẹ̀ ṣòfò sí. Lóòótọ́, ní 2012 tí ọkọ̀ Èkó sí Kánò tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa yọ̀, ayọ̀ náà kò sì tọ́jọ́. Irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 láti Èkó, Mọ́níyà ní Ìbàdàn ló dúró sí. Ṣùgbọ́n ṣé rélùwéè ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni? Àwọn ọmọ àdúgbò sitéṣọ̀n kò ní ibòmíràn. Pápá ilé ìwé tó sún mọ́ wọn ti di ohun tí wọ́n fi ògiri yí ká, títì ló kù, ọ̀kadà kò sì mọ ọmọdé. Inú ń bí mi, Best. Mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn.

Ó dára, jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń dárúkọ.

Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n ti san àsansílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù méjì, níbi igi dóńgóyárò. Wọ́n tún ní Ẹ̀gbọ́n ló mú awọnlẹ̀ wá. Mo ní irọ́ ni. Ta ló ra bọ́ọ̀lù aláwọ àkọ́kọ́ fún wa? Ta ló ń ṣe rèfírí, tó ń fi ìka méjì súfèé torí pé a kò ní fèrè? Ẹni yẹn kọ́ ni yóò ta pápá. Ṣùgbọ́n mo pàdé wọn níbi ìgbéyàwó kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ Màmá, wọn ò sì wo ojú mi. Oúnjẹ kò tíì dé orí tábìlì tí wọ́n fi dìde. O mọ Ẹ̀gbọ́n, o mọ̀ pé wọn kì í fi àmàlà sílẹ̀ lọ.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, pè wọ́n. Ìwọ nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́ tirẹ̀. Fi fọ́tò ọmọ rẹ ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, kí wọ́n rí rélùwéè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó o tó wá béèrè. Má bá wọn jà, má sì sọ pé ẹnu mi lo ti gbọ́. Bó bá jẹ́ owó ni wọ́n ń bẹ̀rù pé á ṣòfò, àwa tá a jọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lè dá a padà fún wọn, mo ti bá àwọn kan sọ ọ́. Bí wọ́n bá lè yọwọ́, àwọn tó kù kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilẹ̀ rélùwéè ni, kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

Wo inú àpótí rẹ náà. Fọ́tò tí a jọ yà níwájú sígínà, tí pápá hàn kedere lẹ́yìn wa, ọwọ́ rẹ ló wà. Yà á, kó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa ṣèpàdé, ká lè kọ̀wé lọ sí ààfin. Jọ̀ọ́, pè mí kó tó di ọjọ́ náà, kí n mọ̀ bóyá kí n ka orúkọ Ẹ̀gbọ́n mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn wa.

Kí ìyàwó fún mi. Sọ fún ọmọ náà pé Muda ní kó má wojú ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ni kó máa wò.

Èmi ni,
Muda