280 Tí Kì Í Kúrò Lójú Kan

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí ẹni tó kọ ọ́ ní gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayé àtijọ́ ló fi agbára tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnì, pamọ́ fún oníbàárà, kò yẹ kó lọ láìní èsì. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó bí ó ṣe kọ ọ́. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ sì ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ọjà: "Ìwé rẹ̀ ní agbára ẹṣin 280, ṣùgbọ́n 350 ló wà ńbẹ̀," owó á sì fò sókè.

Ti Jàpáàn ló hàn gbangba jù. Lọ́dún 1988, iye ẹni tí ọkọ̀ pa lójú títì wọn lé ní 10,000. Ara ìjọba kò rọ̀ mọ́, ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ bá fẹnu kò láàárín ara wọn, láìsí òfin kankan, pé ọkọ̀ táwọn bá máa tà nílé kò ní ju 280 lọ. PS, ìyẹn agbára ẹṣin bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ní Jàpáàn, ni 280 yẹn o. Tí ẹ bá fi agbára ẹṣin ti Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀, 276 ni. Bí Fairlady Z àti Skyline GT-R ti Nissan ṣe jáde ní 1989 nìyẹn, tọ̀hún jẹ́ 280, tibí jẹ́ 280, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù náà tò sẹ́yìn wọn, títí di 2004 tí Honda fi Legend tó jẹ́ 300 já okùn náà.

Àmọ́ agbára ẹṣin nìkan ni wọ́n dè. Wọn kò de agbára ìyí, tí gbogbo mẹ́káníìkì ń pè ní torque. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ẹ́ńjìnì RB26 onílítà 2.6, tọ́bò méjì, ló wà nínú Skyline GT-R mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: R32, R33 àti R34. Torque tí wọ́n kọ sí ìwé wọn jẹ́ Newton-mítà 353, lẹ́yìn náà 368, lẹ́yìn náà 392, gbogbo rẹ̀ ní ìyí 4,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Agbára ńkọ́? 280, 280, 280, ní ìyí 6,800. Ẹ gbé kálíkúlétọ̀. Ẹ sọ torque di ìlọ́po iye ìyí, ẹ pín in sí 9,549, kìlówáàtì ló máa fún yín. 280 PS sì jẹ́ kìlówáàtì 206. Tí ẹ bá ṣe é padà sẹ́yìn, torque 289 ni ẹ́ńjìnì nílò ní 6,800 kó tó fún yín ní 280. Ìyẹn ni pé torque R32 já wálẹ̀ ní ìdá 18 nínú 100 láàárín 4,400 sí 6,800, ti R34 sì já wálẹ̀ ní ìdá 26. Ẹ́ńjìnì kan náà, tí wọ́n tún fi bẹ́ríìn oníbọ́ọ̀lù sí tọ́bò rẹ̀ kó lè máa yí wẹ́rẹ́, ni yóò wá tètè máa rẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ lókè? Kò bọ́ sí i. Ní ti R34, àwa gbà láìjanpata pé wọ́n dín in kù lórí ìwé.

Ẹ̀rí táwọn èèyàn fẹ́ràn jù, ti Toyota Supra ọdún 1993, kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní 280 ni ní Jàpáàn, 320 ni ní Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì 2JZ-GTE ló sì wà nínú méjèèjì. Orúkọ ló bára mu. Nọ́sù, ẹnu tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnì, ti Jàpáàn ń da 440 cc láàárín ìṣẹ́jú kan, ti Amẹ́ríkà ń da 550. Abẹ̀bẹ̀ tọ́bò ti Jàpáàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàlẹ́ńsà jẹ́ sẹ̀rámíìkì, ohun tó ń fọ́ bí àwo tánganran. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ irin. Camshaft wọn, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, náà yàtọ̀. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá fẹ́ ta Supra tó ti Jàpáàn wá fún yín ní iye 320, ẹ ní kó yọ nọ́sù kan kí ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Nọ́sù yìí náà ló ń dá alásọdùn lẹ́kun. Ẹ pín 440 sí 10.5 kó di pọ́ún epo ní wákàtí, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà torí mẹ́fà ni nọ́sù rẹ̀, ẹ mú ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ torí nọ́sù kò gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ títí, kí ẹ wá pín in sí 0.55, ìyẹn bí epo tí ẹṣin kan ń mu nínú ẹ́ńjìnì tọ́bò ṣe máa ń tó. Ẹ máa rí bíi 365. Ẹni tó bá wá ní ọkọ̀ tí a kò tíì pààrọ̀ nọ́sù rẹ̀ ń ṣe 500, àfi tó bá fi oògùn sí i.

Ti Buick ní Amẹ́ríkà, ìtàn ibẹ̀ ju òótọ́ ibẹ̀ lọ díẹ̀. Grand National ọdún 1987, V6 (ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà) onílítà 3.8, 245 ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n ní torí kó má baà tẹ́ Corvette, tí ó jẹ́ ti GM, ilé iṣẹ́ tó ni Buick náà, ni wọ́n ṣe dín in kù. Bẹ́ẹ̀ 240 ló wà lára Corvette ọdún náà. Bí wọ́n bá fẹ́ bo ojú Corvette, kí ló dé tí wọ́n jẹ́ kí Corvette fi márùn-ún kéré lójú ìwé? GNX, Grand National tó lágbára jù, ni ẹ̀sùn yẹn bá mu: 547 péré ni wọ́n ṣe, tọ́bò rẹ̀ tóbi sí i, intercooler rẹ̀, tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, dára sí i, wọ́n sì kọ 276, nọ́ńbà Jàpáàn gẹ́lẹ́. Iye tó lé ní 300 ni àwọn tó mọ ọkọ̀ náà ń fún un, àwa náà sì wà lẹ́yìn wọn.

Kí ẹ má rò pé dídín iye kù lórí ìwé nìkan ló wà, iye ìwé tún lè ju òótọ́ lọ, ẹ wo Camry tí a ń pè ní Big Daddy, èyí tó kún gbogbo títì láti Àkẹ̀sán dé Tákìẹ́. Kò ní tọ́bò, ṣùgbọ́n ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. V6 onílítà 3.0 rẹ̀ jẹ́ 210 ní ọdún 2005. Ní 2006 ó di 190. Ẹnikẹ́ni kò yọ nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnì. Ìlànà ìdíwọ̀n Amẹ́ríkà ló le sí i, tí pọ́ǹpù power steering àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́.

Dáínò, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ gùn láti wọn agbára tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀ (táyà), ni ibi tí ọ̀pọ̀ "350" ti ń jáde, ibẹ̀ la ó sì dúró sí díẹ̀. Ká sọ pé ọkọ̀ kan fún wa ní 200 lẹ́sẹ̀. Kọ̀ǹpútà dáínò á ní òun fẹ́ tún ojú ọjọ́ ṣe, kó lè dà bíi pé ìgbóná jẹ́ 25 àti pé prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ jẹ́ ti ìlànà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó fi mítà tó lé ní 300 ga ju òkun lọ, ní ọ̀sán oṣù kẹta tí ooru bá dé 36, àtúnṣe yẹn lè fi bíi ìdá 7 nínú 100 kún un. Fún ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò, ó tọ́. Fún tọ́bò, ó ti pọ̀ jù, torí tọ́bò fúnra rẹ̀ ti yí kíkankíkan sí i láti dí àlàfo afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ náà kí wastegate, ihò tó ń dín agbára tọ́bò kù, tó ṣí. 200 ti di 214. Lẹ́yìn náà ni wọn á ní gíà jẹ ìdá 20 nínú 100 agbára ẹ́ńjìnì kó tó dé táyà, nígbà tó jẹ́ pé gíà ọlọ́wọ́ kì í sábà jẹ ju 12 sí 15 lọ. 214 á di 267. Èyí tó sún mọ́ òótọ́ ni 235. Tí wọ́n bá fi ìwé dáínò hàn yín, iye tí a kò tíì tún ṣe ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì béèrè ti ìgbà kẹta tí wọ́n sá a, kì í ṣe ti ìgbà àkọ́kọ́ tí intercooler ṣì tutù.

Nílẹ̀ wa níbí, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà má tiẹ̀ dé iye inú ìwé. Epo tó dára jù tí wọ́n ń tà ní Jàpáàn, octane rẹ̀, ìwọ̀n bí epo ṣe ń kọ̀ láti kàn nínú sílíńdà, máa ń tó 100. Èyí tí à ń rà kò sún mọ́ ọn. Tí knock sensor bá ti gbọ́ kíkàn nínú sílíńdà, brain box á fa iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn, agbára á sì lọ wọ́ọ́rọ́. Họ́ọ̀sì ogún ọdún náà sì ti sán.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó sanwó kò wọ́n. Ẹ wá ìdérí PVC tó bá ẹnu họ́ọ̀sì tọ́bò mu, ẹ lu ihò sí i, ẹ fi fáàfù táyà tubeless sí i, ẹ dì í mọ́ ibi tí fílítà afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ẹ pe fọkanáísà kó fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀díẹ̀ dé 15 psi, kó má kọjá bẹ́ẹ̀, torí sílì ẹ́ńjìnì lè tú. Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé àti intercooler. Ibi tó bá ń hó ni agbára ń gbà lọ. Nínú Passat 1.8T, ẹ wo diverter valve, fáàfù tó ń dá afẹ́fẹ́ tọ́bò padà, dáadáa, rọ́bà inú rẹ̀ máa ń ya. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, ẹ yọ gbogbo plọ́ọ̀gì, ẹ tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀, kí ẹ wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n: sílíńdà tó kéré jù kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 10 nínú 100 lọ kéré sí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ fi ọwọ́ mi ọ̀pá tọ́bò. Ìmì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kò burú, ṣùgbọ́n tó bá ń lọ tó ń bọ̀ síwá sẹ́yìn, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ bá ń kan ilé rẹ̀, ẹ yọ owó tọ́bò kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Ó ku "agbára tó fara pamọ́" tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọdé tó fẹ́ràn eré. Nínú họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ sí solenoid, fáàfù oníná tó ń darí boost (ipá afẹ́fẹ́ tọ́bò), ní R32, ilé iṣẹ́ ti ki irin kékeré kan bọ̀ ọ́, tí ihò rẹ̀ kéré. Tí ẹ bá yọ ọ́, boost á kúrò ní bíi báà 0.7, á sún mọ́ 1. Lóòótọ́ ni ọkọ̀ náà máa sáré. Ṣùgbọ́n bí boost bá ti kọjá báà 1, abẹ̀bẹ̀ sẹ̀rámíìkì tó wà nínú tọ́bò R32 náà lè já kúrò lórí ọ̀pá rẹ̀, kí eruku rẹ̀ sì padà wọ inú sílíńdà. Ẹni tó bá fẹ́ yọ irin náà, abẹ̀bẹ̀ onírin ni kó kọ́kọ́ rà, kó yẹ pọ́ǹpù epo wò, kó sì fi géèjì boost sójú kó lè máa rí i.

Àwa mẹ́káníìkì ọkọ̀ tọ́bò,
Agbègbè Tákìẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́.