Àǹtí mi, ẹ má tíì san owó iṣẹ́ abẹ kejì yẹn

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjà o. Mo ti gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù yín l'Ọ́jà Ọba dé òpin. Ẹ ní dókítà kan ti ní òun máa yí sleeve yín, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gé àpòlúkù yín kéré kí ẹ lè fọn, sí bypass, èyí tí wọ́n á fi so ìfun mọ́ ìwọ̀nba àpòlúkù kékeré, ẹ sì fẹ́ san àsansílẹ̀ kí Iléyá tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó yẹn dúró ná.

Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí dókítà yẹn bá yín sọ, mi ò gbọ́ ibi tó ti sọ ohun tó fà á tí ìwọ̀n tó bọ́ lára yín nígbà àkọ́kọ́ fi ń padà. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó jókòó tì yín níbi wòlímọ̀ yẹn ni mo gbọ́, àwọn tó ń wo abọ́ yín, tí wọ́n ń bi ara wọn pé ṣé owó tí ẹ kó fún oníṣẹ́ abẹ ò ti wọmi báyìí. Ẹnu wọn ló ń lé yín lọ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Owó yẹn ò wọmi. Wọ́n gé tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù yín kúrò, èyí tó kù sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òkèlè díẹ̀ fi ń yó yín lọ́dún àkọ́kọ́, tí ṣúgà yín fi wálẹ̀ débi pé wọ́n dín oògùn yín kù. Ṣùgbọ́n ara èèyàn kì í gbàgbé ọ̀rá tó bọ́ lọ, á máa fi ebi wá a kiri. Àpòlúkù náà lè fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó sì lè má fẹ̀ rárá, kó jẹ́ pé fúrà ni. Ẹ má bínú, mo mọ igbá fúrà tó máa ń wà nídìí tábìlì yín lọ́sàn-án. Àmàlà á dúró níbi tóóró yẹn, á jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó tó. Fúrà àti kúnú oníṣúgà á kàn ṣàn kọjá ni. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wàhálà wà, abẹ nìkan ò lè yanjú ẹ̀. Ẹni tó bá tún ṣe bypass tán tó mu fúrà kan náà, òógùn lè bò ó, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, kó máa sá lọ sálàǹgá.

Ohun tó ká mi lára jù, bí àwàdà lẹ ṣe sọ ọ́: pé ẹ ò lè dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́, pé omi kíkan máa ń gòkè wá bá yín lọ́fun lóru. Sleeve máa ń fa ìyẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì wà lára ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù tí wọ́n fi ń yí i sí bypass, torí bypass sábà máa ń mú un rọlẹ̀. Bó bá jẹ́ torí èyí ni, èmi fúnra mi á tẹ̀ lé yín lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ki ẹ̀rọ oníkámẹ́rà bọ ọ̀fun yín wo inú, kí wọ́n fún yín ní omi oògùn tó funfun bí ẹfun mu, kí wọ́n ya x-ray, kí wọ́n rí bí àpòlúkù ṣe rí gan-an. Dókítà tó bá ní kò pọn dandan, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín pé bypass jẹ́ nǹkan tuntun. Rárá o, oníṣẹ́ abẹ kan, Edward Mason, ti ṣe irú rẹ̀ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, láti 1966. Ikùn tí wọ́n ti là rí ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Àpá ti so nǹkan pọ̀ nínú ibẹ̀, ojú ìránṣọ lè jò, ewu rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìwọ̀n tó máa bọ́ lára yín sì sábà máa ń kéré sí ti àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá wá ṣe bypass, ibuprofen, oògùn ìrora tí ẹ ń gbé mì torí orúnkún, ó tán nìyẹn, torí ó lè dá egbò sójú ibi tí wọ́n ti so ìfun. Fítámì B12, kálísíọ̀mù àti oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i (iron), títí ayé ni. Omi ẹ̀kánkán lẹ ó sì máa mu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ààwẹ̀ sínú ètò àwọn oṣù àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ ó san án padà.

Ẹ bi wọ́n nípa abẹ́rẹ́ semaglutide náà, èyí tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti dín ebi àti ìwọ̀n ara kù. Ó wọ́n, béèyàn bá sì dá a dúró, ara lè padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó ọjà lórí WhatsApp.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ padà sí ọsibítù àkọ́kọ́, ẹ gba ìwé tí oníṣẹ́ abẹ kọ nípa ohun tó ṣe nínú ikùn yín. Bí wọ́n bá ní àwọn ò rí i, ẹ jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi wá a jáde. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tí mo bá ti kúrò níṣẹ́ alẹ́ ní Jímọ̀, màá wọkọ̀ láti Ọ̀ffà, ká jọ lọ bá dókítà yẹn.

Ẹ bá mi kí Àfáà àti àwọn ọmọ.

Èmi ọmọ yín, nọ́ọ̀sì.