Ìkéde fún Ẹ̀yin Tó Ń Bá Wa Lọ sí Paris

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìmúra o. Bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Gare du Nord, ẹ gbé báàgì yín sí àyà, kẹ́ ẹ di sípù rẹ̀ mú. Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur, àwọn ọkùnrin kan máa ń na òwú aláràbarà síni. Bí ẹ bá nawọ́ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ti so ó mọ́ yín lọ́rùn ọwọ́, owó ló kàn. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin màmá wa, mo mọ̀ pé aláàánú ni yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má buwọ́ lùwé fún àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe bí adití. Bí ẹ ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ ẹnìkejì ti wà nínú báàgì yín.

Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 112.

Akọ̀wé ẹgbẹ́