Oòrùn Inú Àwòrán Náà Dà?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹjọ́ kan ni mo fẹ́ rò. Nínú ìwé ìròyìn yín tó jáde kẹ́yìn, ẹ tẹ àwòrán ìyọjú oòrùn tí Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, kùn ní èbúté Le Havre nílẹ̀ wọn. Inú mi dùn. Àṣé dúdú àti funfun lẹ tẹ̀ ẹ́! Mo wá oòrùn títí, n kò rí i.

Aṣọ òkè ni mò ń tà lọ́jà Wuse. Ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria ló kọ́kọ́ fi àwòrán yìí hàn mí lórí fóònù. Mo ní, "Ta ló da ọ̀dà sílẹ̀ báyìí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1874, oníròyìn kan (ẹgbẹ́ yín ni o) fi orúkọ àwòrán náà, Impression, Sunrise, ṣẹ̀sín, ó pe Monet àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Impressionist, bí ẹni pé ohun tí ojú kàn rí fìrí ni wọ́n ń kùn. Ó ní kí n wò ó bí ẹni tó fẹ́ ra ẹtù. Mo gbé e súnmọ́ ojú: ọkọ̀ ojú omi iwájú kò ju ìlà búrọ́ọ̀ṣì mélòó kan lọ. Mo nawọ́ gbé e jìnnà: omi bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Oòrùn yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ojú ọ̀run tó yí i ká lọ. Àwọ̀ ọsàn tó gbé wọ̀, tó wà láàárín àwọ̀ eérú àti aró tó ti ṣá, ló ń mú un tàn. Ẹ yọ àwọ̀ kúrò, ó rá mọ́ ìkùukùu.

Aláṣọ kò lè ṣàì mọ èyí. Oníbàárà kan dá aṣọ dúdú padà, ó ní ó ti ṣá. Mo gbé e kúrò lórí búlúù tó fi tì í, mo tẹ́ ẹ sórí funfun, ló bá dúdú bíi kóró iṣin. Chevreul, ọ̀gá aláró níléeṣẹ́ ìhunṣọ Gobelins ní Paris, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1839: aró kọ́ ló bàjẹ́, àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń tan ojú jẹ. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn láìrí i rí.

Dúdú ni mo máa ń pe òkè Zuma tẹ́lẹ̀ tí mo bá ń lọ sí Suleja. Irọ́ ni. Láago méje àárọ̀ nígbà ọyẹ́, ó dà bí ẹ̀lú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ.

Ẹ bá mi tún àwòrán náà tẹ̀ ní aláwọ̀, ì báà kéré bíi káàdì ìkésíni. Ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ fi í sí, níbi tí ìpolówó ọṣẹ máa ń wà, torí ibẹ̀ ni ẹ kì í ti í ṣahun àwọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláṣọ Òkè,
Kubwa, Abuja