Kí Ọmọ Aládùúgbò Tó Wọlé Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ àdúgbò yín lókè òkun níbẹ̀ ti ń kanlẹ̀kùn yín pé kí àwọn ọmọ rẹ wá ṣeré. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ, lọ bá òbí rẹ̀ fúnra rẹ. Má fi àwọn ọmọ ṣe alárinà, torí wọ́n á ní “màmá mi ní kò burú” kí màmá náà tó gbọ́ ohunkóhun. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ara yín, kí o béèrè aago tí ọmọ gbọ́dọ̀ délé, bóyá ó lè dá rìn, àti oúnjẹ tí ara rẹ̀ kò gbà.

Ti oúnjẹ yìí ni kí o fara balẹ̀ sí jù. Ẹ̀pà, wàrà, ẹyin àti ẹja lè pa ọmọ tí ara rẹ̀ bá kọ̀ wọ́n, kódà bó ṣe bín-íntín ló jẹ. Má fún un ní nǹkan kan títí wàá fi gbọ́ lẹ́nu òbí, kí o sì ka ara páálí bisikíìtì kí o tó ṣí i. Bí ètè tàbí ojú bá wú, máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá ń mí hẹlẹ, tàbí tí ohùn rẹ̀ há, pàjáwìrì nìyẹn. Bí ó bá ní abẹ́rẹ́ adrenaline, ìyẹn oògùn pàjáwìrì fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ oúnjẹ, ẹ̀gbẹ́ ìta itan ni wọ́n ń gún un sí, ó sì lè gba orí ṣòkòtò wọlé. Gún un, kí o pe nọ́ńbà pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀: 112 ni ní Yúróòpù, 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Bí kò bá lè mí dáadáa, kó jókòó, àmọ́ kó má dìde rìn. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ rọ̀, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn, torí ó lè tún gbé e lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 5, gé èso àjàrà ní òòró sí mẹ́rin. Odidi rẹ̀ lè dí ọ̀fun pátápátá.

Ní ti títì, bí ọ̀tún ni wọ́n ti ń wakọ̀ níbẹ̀, apá òsì ni ọkọ̀ tó súnmọ́ ọmọ jù ti ń bọ̀. Bí òsì bá ni, apá ọ̀tún ni. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti wo apá kan á ṣì máa wo ibẹ̀, nítorí náà ẹ jọ máa sọdá títí wíwo apá tó yẹ á fi mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá ń gun kẹ̀kẹ́, akoto gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n ìka méjì sókè irun òkè ojú, kì í ṣe kó rọ̀ sẹ́yìn orí.

Ọmọ tí kò tíì gbọ́ èdè ibẹ̀ á máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á sì tètè pè é ní oníjà. Kọ́ ọ ní gbólóhùn mẹ́ta kó tó jáde: “Ṣé mo lè bá yín ṣeré?”, “Ó kàn mí”, “Jọ̀ọ́, mi ò fẹ́”. Bí wọ́n bá tilẹ̀ jà, má fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ láé, ì báà ṣe ìgbájú kékeré. Láti 1979 ni Sweden ti fòfin de nína ọmọ, kódà fún òbí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti tẹ̀ lé e. Yà wọ́n, mú ọmọ náà délé, kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún òbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, láìjẹ́ pé àwọn ọmọ ń gbọ́.

Má gbé fọ́tò ọmọ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ. Bí ilé alájà lẹ sì ń gbé, tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn síbi tí wọ́n ti ń fò, kí o sì sọ fún ará ìsàlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí ọmọ púpọ̀ bá ń bọ̀, pẹ̀lú aago tí ariwo á dópin.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ