Ẹ Jẹ́ Kí Ìje Ọkọ̀ Parí Kí Ẹ Tó Yí Ìkànnì

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòran ni mo bá wá, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyípo 11 péré ló kù kí ìje Formula 1 parí, ni onílé ìwòran bá mú rìmóòtù, ó yí i sí bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù líìgì o. Bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni, èyí tí wọ́n fi ń gbaradì de sáà tuntun, tí kò ní pọ́ìǹtì, tí kò ní ife, tí kóòṣì lè pààrọ̀ gbogbo àgbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe pa ìje ọkọ̀ lẹ́nu mọ́. Ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde níbí ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì yàtọ̀ ní Ṣàgámù, kò yàtọ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè tí akẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́fọ́. Àwa tí à ń wo ìje ọkọ̀ kò pọ̀, a mọ̀. Ẹni mẹ́rin níbí, ẹni mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n iye tí oníbọ́ọ̀lù san lẹ́nu ọ̀nà ni àwa náà san.

Bí èèyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mọ́tò kan náà ló ń yí po láti ọ̀sán? Ẹni tó wà níwájú yẹn náà ló máa gbà á." Ìjẹ̀bú tó lè dúró sínú oòrùn ní Ojúde Ọba láti wo bí àwọn ìdílé balógun ṣe ń darí ẹṣin, tó mọ ẹni tí ẹṣin rẹ̀ gbọ́ràn àti ẹni tí ẹṣin fẹ́ gbé ṣubú, ṣé irú wa ló yẹ kó máa béèrè ohun tí à ń wò lára ọkọ̀ tó ń yí po?

Táyà ni à ń wò. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń gbé wá fún ilẹ̀ gbígbẹ. Èyí tó ní àmì pupa ló rọ̀ jù, òun ló ń sáré jù, òun náà ló sì tètè ń jẹ. Èyí tó ní àmì funfun ló le jù, ó máa ń pẹ́ kó tó gbóná, àmọ́ ó ń tọ́jọ́. Oníyẹ́lò wà láàárín wọn. Bí òjò bá rọ̀, aláwọ̀ ewé ni fún ilẹ̀ tó kàn tutù, oníbúlúù ni fún àgbàrá. Òfin ni pé bí ilẹ̀ bá gbẹ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ lo oríṣi méjì ó kéré tán, nítorí náà kò sí ẹni tí kò ní yà sí pit, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà. Láti ọdún 2010 ni wọn kò ti gbà kí wọ́n bu epo mọ́ láàárín ìje. Táyà ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ yà, wọn kì í sì í pẹ́ ẹ rárá: ẹgbẹ́ McLaren pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1.80 ní Qatar lọ́dún 2023. (Kí àwọn fọkanáísà wa tó rí sípánà, ìje ti parí.) Ṣùgbọ́n ọ̀nà pit ní gbèdéke eré, kìlómítà 80 ní wákàtí kan ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà ẹni tó bá yà máa ń pàdánù tó ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà sójú ìje.

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹni iwájú kò yà mọ́, ó ń wa táyà tó ti lò fún ìyípo 30 lọ. Ẹni kejì yà, ó gbé táyà tuntun wọ̀, ó padà wá, ó rí i pé ìṣẹ́jú àáyá 14 ló wà láàárín wọn. Bó bá ń jẹ ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ lára rẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, tí ìyípo 11 sì kù, ìyípo kẹwàá ló máa bá a. Ìyípo kan ṣoṣo ló kù fún un láti kọjá. Bíbá ẹni sì yàtọ̀ sí kíkọjá ẹni: ọkọ̀ iwájú ti da afẹ́fẹ́ rú, afẹ́fẹ́ yẹn kò sì lè tẹ ọkọ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́, ọkọ̀ á máa yọ̀ níbi kọ́nà, táyà á gbóná jù, tuntun tó ń yangàn á di àlòkù lójú ẹsẹ̀. Ṣé á sún mọ́ ọn kíákíá ni, àbí á fà sẹ́yìn díẹ̀ kí táyà rẹ̀ lè tutù? Ohun tí à ń wò nìyẹn, nígbà tí ọ̀gá ilé ìwòran mú rìmóòtù. Ìyípo 11 ló kù o!

Ẹni tó bá rò pé mò ń ṣàsọdùn, kó rántí Brazil 2008. Massa, awakọ̀ tó ń bá Hamilton du ife-ẹ̀yẹ ọdún, ti gba ìje náà, àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń fò fáyọ̀ pé ife ti di tiwọn, kí Hamilton tó kọjá awakọ̀ Glock ní kọ́nà tó kẹ́yìn nínú ìyípo tó kẹ́yìn, nítorí táyà ilẹ̀ gbígbẹ ni Glock fi wà nínú òjò. Pọ́ìǹtì kan péré ni Hamilton fi gba ife-ẹ̀yẹ ọdún yẹn, 98 sí 97. Kó tún rántí Abu Dhabi 2021. Pọ́ìǹtì Hamilton àti ti Verstappen dọ́gba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, 369.5 sí 369.5. Hamilton ló ṣáájú, lórí táyà funfun tó ti wọ̀ láti ìyípo 14. Ọkọ̀ kan kọlu ògiri, safety car, ọkọ̀ tí gbogbo awakọ̀ gbọ́dọ̀ rọra tẹ̀lé, jáde, Verstappen yà, ó gbé táyà pupa wọ̀, ó sì kọjá Hamilton ní ìyípo 58 nínú 58. Àríyànjiyàn ọjọ́ yẹn kò tíì tán dòní. Ní ilé ìwòran tiwa, ṣe là bá máa wo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú pápá.

Àwáwí kejì wọn ni pé bọ́ọ̀lù àti ìje máa ń forí gbárí. Ṣé wọ́n tiẹ̀ ti wo aago? Ìje 24 ló wáyé ní 2025. Ti Australia, aago 5 ìdájí ni lọ́dọ̀ wa. Ti Japan, aago 6. Ti China, aago 8 àárọ̀. Ti Canada di aago 7 alẹ́, ti Mexico di aago 9 alẹ́. Ọ̀pọ̀ ìje Yúróòpù, aago 2 ọ̀sán ni, Silverstone ní England nìkan ló máa ń bọ́ sí aago 3. Ó sì tó oṣù méjì gbáko, oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, tí ìje Yúróòpù ń lọ lọ́wọ́ tí líìgì England wà nínú ìsinmi. Èyí tó ń forí gbárí ní tòótọ́ ni ti ìparí oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án, torí aago 2 náà ni bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù aago 4 ààbọ̀ kò kan ìje aago 2 rárá: wákàtí kan ààbọ̀ ni ìje sábà máa ń gbà, òfin kò sì jẹ́ kí eré fúnra rẹ̀ kọjá wákàtí méjì, àyàfi tí wọ́n bá dá a dúró nítorí òjò tàbí ìjàǹbá.

Àbá tèmi rèé, kò sì fẹ́ agbára kan tó ju ti onílé ìwòran lọ. Kí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, ínṣì 32, sí igun kan, kí àwọn tó ń wo ìje jókòó síbẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ti gbìyànjú rẹ̀ rí, kò ṣiṣẹ́. Kò lè ṣiṣẹ́ báwọn ṣe ṣe é ni. HDMI splitter ni wọ́n rà, wọ́n fi so tẹlifíṣọ̀n méjì mọ́ dekódà kan, ẹnu wá ń yà wọ́n pé bọ́ọ̀lù kan náà ló ń hàn lójú méjèèjì. Ohun tí dekódà kan bá gbé jáde ni splitter ń pín. Dekódà kejì ni wọ́n nílò, pẹ̀lú káàdì tirẹ̀.

Bí dekódà kejì bá dé, àṣìṣe mìíràn ń dúró dè wọ́n. Wọ́n á gé wáyà tó ti orí díìṣì bọ̀, wọ́n á fi splitter olówó pọ́ọ́kú pín in sí méjì. Ìkànnì kan á wọlé, òmíràn á kọ ọ́ síta pé kò sí signal, wọ́n á ní díìṣì ti yẹ̀. Díìṣì kò yẹ̀. Dekódà ló ń fi iná mọ̀nàmọ́ná ránṣẹ́ sí LNB, ẹnu tó ń gba signal lórí díìṣì, láti sọ ohun tó fẹ́ fún un: fóòtì 13 bó bá fẹ́ ìkànnì tó wà ní ìdúró, fóòtì 18 bó bá fẹ́ èyí tó wà ní ìbú. Dekódà méjì kò lè pàṣẹ fún ẹnu kan ṣoṣo kí wọ́n má takora. LNB ẹlẹ́nu méjì ni kí wọ́n rà, èyí tí wọ́n ń pè ní twin, kí dekódà kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ láti orí díìṣì títí dé ìdí rẹ̀. Kí wáyà náà jẹ́ RG6, kí wọ́n má ṣe so ó pọ̀ lágbedeméjì. Kí wọ́n fi téèpù onírọ́bà wé ẹnu rẹ̀ lókè dáadáa, torí omi tó bá wọ ibẹ̀ á dípẹtà, signal á sì máa lọ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ìdí rẹ̀. Kí wáyà sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ bí ọrùn àpò kó tó wọ inú ilé, kí omi òjò lè kán síta dípò kó máa tọ wáyà wọlé. Òjò oṣù Keje ní Ìjẹ̀bú kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò ibòmíràn.

Iná ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 32 àti dekódà kan kò ju nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 80 lọ. Fún wákàtí méjì ààbọ̀, ìyẹn jẹ́ 200 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Bátìrì inverter kan tó jẹ́ 12V 100Ah, tí èèyàn kò bá jẹ kọjá ìdajì kó má baà bàjẹ́, tí a sì yọ ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ, á fún wa ní tó 500. Ó gbé ìje, ó sì tún gbé ìdíje ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó máa ṣáájú. Kò sí ẹni tó máa sọ pé epo jẹnẹrétọ̀ òun ń jó nítorí wa. Ohùn náà kì í ṣe ìṣòro, kí wọ́n pa á. Ní apá òsì ojú tẹlifíṣọ̀n, orúkọ gbogbo awakọ̀ wà níbẹ̀ ní lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta, àlàfo tó wà láàárín wọn wà níbẹ̀, táyà tí wọ́n wọ̀ náà wà níbẹ̀. Kí oníbọ́ọ̀lù máa pariwo tiwọn. Owó oṣù dekódà náà, bí àwa 12 bá kó ara wa jọ, kí wọ́n dá a lé wa lórí. A ó san án.

Àwọn tó ní kí a lọ wò ó lórí fóònù, ṣé àwọn ló máa ra data? Àwòrán tó dára lè jẹ 2GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan, ó sì máa ń pẹ́ lẹ́yìn ìje gan-an débi pé ìròyìn ẹni tó gbà á á ti dún lórí fóònù ẹni tó jókòó tì ẹ́.

Ti àwọn aláṣẹ wá ńkọ́? Wọ́n mọ ọ̀nà ilé ìwòran nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba owó sítíkà. Bí a bá dárúkọ eré ìje ọkọ̀ fún wọn, àwọn ọmọkùnrin tó ń sá eré àsápajúdé láti Ṣàgámù wá sí Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń rò, bí ẹni pé àwa la rán wọn. Pápá ìṣeré wà, ilẹ̀ ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ ṣófo lọ́pọ̀ ọjọ́ ọdún; kí wọ́n to táyà àlòkù síbẹ̀, kí àwọn ọmọ máa wa kart, ọkọ̀ ìje kékeré. Honda GX200, 196cc, ni ọ̀pọ̀ kart háyà káàkiri ayé ń lò, irú ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn náà ló sì ń lọ ata lọ́jà Òkè-Ajé. Ẹni tó lè tún un ṣe kò ṣọ̀wọ́n níbí. Kí àwọn oníná náà sọ ìgbà tí wọ́n máa mú iná lọ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, Ọ̀gá Olóòtú? Ojú ewé eré ìdárayá yín kún fún bọ́ọ̀lù láti òkè délẹ̀. Ìlà méjì péré la fẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì: ibi tí ìje wà, àti aago tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, kì í ṣe aago ti London.

Kí tẹlifíṣọ̀n kejì tó dé, ohun kékeré kan ni mo fẹ́ kí àwọn onílé ìwòran ṣe. Òkè apá òsì ojú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń kọ iye ìyípo sí, èyí tí wọ́n ti sá àti àpapọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan rìmóòtù, kó kọ́kọ́ wo ibẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùwò Formula 1 kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.