Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀: Ẹ Má Ka Òròmọ Mọ́ Adìyẹ

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀, Akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀,

Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa tí à ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

A ti ka àbá òfin tuntun tí ẹ gbé jáde lórí sísin adìyẹ láàárín ìlú, a sì ti jókòó lé e lórí nípàdé ẹgbẹ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló tẹ́ wa lọ́rùn. Pé kí ilé kan má sin ju àgbébọ̀ 6 lọ, a fara mọ́ ọn. Pé kí ilé adìyẹ jìnnà sí fèrèsé aládùúgbò, kí oúnjẹ wọn sì wà nínú agolo onídèérí kí eku má bàa rí i jẹ, òfin ẹgbẹ́ wa ti sọ bẹ́ẹ̀ kí tiyín tó dé. Gbólóhùn kan ló ń kọ wá lóminú jù, òun náà la torí ẹ̀ kọ ìwé yìí: ibi tí ẹ ti ní adìyẹ ni a ó máa kà, ohun yòówù kí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́.

Bí gbólóhùn yẹn bá dúró bó ṣe wà, ẹni tó ní àgbébọ̀ mẹ́fà, tí kò rú òfin kankan rí, á di arúfin lọ́jọ́ tí ẹyin kan ṣoṣo bá pa nílé rẹ̀. Òròmọ tí kò tíì lè fò kọjá etí àpótí á wá di odindi adìyẹ nínú ìwé yín. Kò sẹ́ni tó lè máa pamọ lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bó pẹ́ bó yá, adìyẹ á tán lọ́wọ́ ẹni tí kò bá pamọ. Àgbébọ̀ kì í yé títí ayé. Ọdún kìíní àti ìkejì ló ń yé jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdọọdún ni ẹyin rẹ̀ ń dín kù.

Ẹ lè ní kí a lọ máa ra òròmọ lọ́dọ̀ àwọn ilé ìpamọ ńlá. Àwọn kan nínú wa ń ṣe é, a ò sì bá wọn wí. Òròmọ ọjọ́ kan lè rìnrìn àjò ọjọ́ méjì láìjẹun, nítorí pé pupa ẹyin tó fà wọ inú kó tó jáde láti inú èèpo ṣì ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹyẹ yòówù tó bá ti òde wọlé lè gbé àrùn wọlé. Ilé tó bá ń pa ẹyin fúnra rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn kan mọ́ àrùn lúkúlúkú. A ò sọ pé ẹyin mọ́ pátápátá o. Àwọn kòkòrò àrùn Salmonella àti Mycoplasma máa ń gba inú ẹyin kọjá láti ara ìyá sí ara ọmọ, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi ka gbígba ẹyin léèwọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí dókítà ẹran kò tíì yẹ adìyẹ rẹ̀ wò. Síbẹ̀, ewu ẹyin kéré sí ewu adìyẹ tí a kó láti ọjà.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Àgbébọ̀ kan tó sàba lè bo ẹyin 10 sí 12. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń pa. Bí a bá fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò nínú òkùnkùn lọ́jọ́ keje, èyí tó ní ọlẹ̀ á fi ojú dúdú kan hàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á sì yọ káàkiri ara rẹ̀. Èyí tí kò ní á kàn mọ́lẹ̀ rekete, a ó sì yọ ọ́ kúrò. Àwọn mìíràn á tún kú sínú èèpo. Ká ní mẹ́jọ pa nígbẹ̀yìn. Ìdajì wọn, tàbí iye tó sún mọ́ ọn, ni yóò jẹ́ akọ, bí Ẹlẹ́dàá ṣe ṣe é nìyẹn. Nínú àwọn abo tó kù, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan má dàgbà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rọ́pò àgbébọ̀ mẹ́ta tó ti gbó, àfi kó pa bíi mẹ́jọ. Òfin tó bá ní kó má ní ju mẹ́fà lọ lọ́jọ́kọ́jọ́, ohun tó ń sọ fún un ni pé kó má bẹ̀rẹ̀ rárá: bó tilẹ̀ dúńbú gbogbo adìyẹ tó ní, òròmọ mẹ́jọ ṣì ju mẹ́fà lọ.

Ẹnì kan nínú yín lè bi wá pé kí ló dé tí a ò yọ àwọn akọ kúrò lọ́jọ́ kìíní. A ò dá wọn mọ̀ ni. Ọwọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló lè tẹ ìdí òròmọ ọjọ́ kan kó sì sọ pé akọ ni tàbí abo. Láti Jàpáàn ni iṣẹ́ náà ti tàn kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, àwọn ilé ìpamọ ńlá ló sì lè sanwó fún un. Ojú lásán ni tiwa. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ogbe orí akọ á ti máa pọ́n, á sì tóbi ju ti abo lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ki. Lẹ́yìn náà ni ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ á wá máa gùn, tí á sì ṣe ṣóńṣó lẹ́nu. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó bá ń fi gbogbo ẹnu búra pé òun mọ̀ ọ́n ń méfò ni.

Ìdí rèé tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ka òròmọ mọ́ iye adìyẹ ilé kan títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Akọ mìíràn wà tó lè ti máa kọ kó tó pé bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ti kọ, kí onílé mú un kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹgbẹ́ á sì bá a wá ibi tí yóò gbé e sí. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù kò sí lára òròmọ. Inú àpótí ni a ń tọ́ ọ sí lábẹ́ iná, ní ìwọ̀n ooru bíi 35 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a ó sì máa fi bíi ìwọ̀n 3 dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ rẹ̀ á fi pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Aládùúgbò kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ẹ bá wá ní kí òṣìṣẹ́ yín máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láti ka òròmọ, adìyẹ bà lókùn nìyẹn: ara ò ní rọ òṣìṣẹ́, ara ò ní rọ àwa náà.

Ìpín tó kan ẹ̀rọ ìpamọ náà ń fẹ́ àtúnṣe. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ni pé ilé tí ẹ̀rọ bá wà, ilé iṣẹ́ ni, kí ó sì gba ìwé àṣẹ oníṣòwò. Ẹ̀rọ tí púpọ̀ nínú wa ní, orí tábìlì ló ń jókòó sí. Kò ní èéfín, kò ní ariwo, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni a ń tàn án. Fífi ooru pa ẹyin láìsí ìyá adìyẹ kì í sì í ṣe ohun àjèjì tó nílò kí ìjọba máa fura sí i. Àwọn ará Íjíbítì ti ń fi ààrò ṣe é láti ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ. Kí ẹ̀rọ tí kò gbà ju ẹyin 50 lọ máa jẹ́ ti ilé. Ẹni tó bá ní èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ń ta òròmọ, kó wá gba ìwé àṣẹ.

Lórí àyẹ̀wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tiwa. Àbá òfin ní òṣìṣẹ́ lè wọlé nígbàkígbà, kó sì ṣí àpótí tó bá wù ú. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ ń lò kó tó pa. Láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ 18, ooru inú ẹ̀rọ tó ní fáànù máa ń wà ní ìwọ̀n 37.5, a sì ń yí ẹyin ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán lójúmọ́ kí ọlẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́jọ́ 18, a ò yí i mọ́. A ó bu omi kún ibi tí omi ń gbé, ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ á lọ sókè láti bíi ìdá 50 nínú 100 sí ìdá 65 tàbí 70, a ó sì pa ìdérí dé. Ọmọ á kọ́kọ́ fi ẹnu lu inú àyè afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí ẹyin, ẹ ó sì máa gbọ́ igbe rẹ̀ nígbà tí èèpo ṣì gún régé. Lẹ́yìn náà ni ojú kékeré kan á là lára èèpo. Á sinmi. Ó lè sinmi fún odindi ọjọ́ kan, torí ẹ̀jẹ̀ tó wà lára awọ inú ẹyin àti pupa ẹyin ló ń fà wọlé nígbà náà. Kó tó wá máa yípo, tí á máa fọ́ èèpo yíká títí ìdí ẹyin náà á fi ṣí.

Ní àkókò yìí, bí ẹnì kan bá ṣí ìdérí, ọ̀rinrin á jáde, awọ inú ẹyin á gbẹ, á sì lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ọmọ bíi bébà tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Kò ní lè yí mọ́. Á kú síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ á yọ síta. Gbogbo ẹni tó ń pamọ ló mọ irú òkú ẹyin bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí òṣìṣẹ́ máa sọ fún onílé ní ọjọ́ kan ṣáájú, bó bá sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ni, kó gba ojú gíláàsì wò ó.

Kó sì máa pààrọ̀ bàtà! Ẹni tó bá wọ ẹ̀yìnkùlé márùn-ún lọ́jọ́ kan pẹ̀lú bàtà kan náà ti ṣe iṣẹ́ àrùn fún un. Lúkúlúkú ń bá bàtà rìn, àrùn inflúẹ́ńsà àwọn ẹyẹ náà ń bá a rìn. Ìran èyí tí wọ́n ń pè ní H5N1 tó ń jà lónìí, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Guangdong ní Ṣáínà lọ́dún 1996, ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé báyìí. Ike omi apakòkòrò kan lẹ́nu géètì kì í ṣe ìnáwó.

Ti àkùkọ, ọ̀rọ̀ wa ò pọ̀. Àgbébọ̀ ń yé láìsí akọ, ẹyin tí a fẹ́ pa nìkan ló nílò akọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé bí a bá fi àkùkọ sínú òkùnkùn, ẹnu rẹ̀ á mọ́, kò sọ òótọ́. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Nagoya ní Jàpáàn fi hàn lọ́dún 2013 pé aago kan wà nínú ara rẹ̀ tó ń mú un kọ, ìmọ́lẹ̀ ìbáà wà tàbí kó má sí. A ò lè ṣèlérí ìdákẹ́jẹ́. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìwọ̀nba ilé tó jìnnà sáwọn yòókù, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, rí ìwé àṣẹ gbà fún àkùkọ kan ṣoṣo.

Ohun kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá wa ṣe. Ìgò kékeré kan àjẹsára lúkúlúkú sábà máa ń tó fún ọgọ́rùn-ún adìyẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá sì ti pò ó tán, kò yẹ kó ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ kí a tó lò ó tán. Ẹni tó ní adìyẹ mẹ́fà á da gbogbo ìyókù nù, tàbí kó kúkú má rà á rárá, èyí tó wọ́pọ̀ jù. Bí dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ bá lè yọjú sí gbọ̀ngàn yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹgbẹ́ á ra ìgò náà, àwa á sì wá gba ìpín tiwa nínú fúláàsì oníyìnyín, ká lọ kán an sójú adìyẹ wa nílé. A ò ní kí wọ́n kó adìyẹ jọ síbẹ̀ o. Kíkó wọn jọ gan-an ni àrùn ń fẹ́.

Ní ti òórùn, omi ló ń fà á. Ìgbẹ́ tó bá gbẹ kì í rùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ti pinnu pé ọmọ ẹgbẹ́ yòówù tí ilẹ̀ ilé adìyẹ rẹ̀ bá tutù á san owó ìtanràn fún ẹgbẹ́ kí ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Èyí ni gbólóhùn tí a fẹ́ kí ẹ fi rọ́pò ti àkọ́kọ́: "Adìyẹ tó ti pé ọ̀sẹ̀ 16 ni a ó máa kà. Òròmọ tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀ kò sí nínú iye náà, bí kò bá ti ju 12 lọ nínú ilé kan lẹ́ẹ̀kan náà." A ti so orúkọ àwọn ilé tó gbà kí ẹ wá yẹ̀ wọ́n wò mọ́ ìwé yìí. A sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ jẹ́ kí aṣojú wa méjì sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ kí ẹ tó dìbò lórí àbá náà.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,

Alága, Akọ̀wé àti Akápò ẹgbẹ́